Ọba Kì í Wàjà ní Mùsíọ́mù: Ààfin Honmè ní Àjàṣẹ́, láti Ojú Àwa Ará Pobè àti Sakété

Ilé ìjọba méjì ní Àjàṣẹ́ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀kan ni Honmè, ààfin Ọba Toffa tí ó jọba láti 1874 títí di 1908. Èkejì ni ilé tí àwọn Faransé kọ́ fún gómìnà wọn nígbà tí wọ́n fi ìlú náà ṣe olú ìlú Dahomey. Lónìí, ààfin ọba ti di mùsíọ́mù. Ilé gómìnà ní tirẹ̀ di ibi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ń jókòó sí. Àwa tí a ń gbé ní Pobè àti Sakété kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ojú irin tí àwọn Faransé là láti Àjàṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún gba Sakété kọjá, Pobè ni ó sì parí sí. Epo àti èkùrọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ là á, ṣùgbọ́n bí epo ti ń lọ ni ènìyàn ń lọ: ọmọ ilé-ìwé, akọ̀wé, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́.

Ìbéèrè mi ni pé kí ni èdè ń ṣe nígbà tí ààfin kò bá jẹ́ ààfin mọ́, tí ó di ilé tí ènìyàn ń gba tíkẹ́ẹ̀tì kí ó tó wọ̀ ọ́? Àwọn onímọ̀ ìtàn ti sọ tiwọn. Èmi jẹ́ olùkọ́ èdè, ọ̀rọ̀ ni mo lè tẹ́tí sí.

Kí a mú orúkọ ìlú náà ná. Mẹ́ta ni. Porto-Novo jẹ́ èdè Potogí, èbúté tuntun ni ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn oníṣòwò fún un ní orúkọ yẹn. Hogbonu ni àwọn Gun ń pè é. Àwa Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́. Ìtumọ̀ tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn fún orúkọ wa yìí ni pé àwọn Àjà ṣẹ́gun níbẹ̀, nítorí pé Te-Agbanlin, tí ìdílé ọba Àjàṣẹ́ ṣẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, láti Allada ni ó ti wá. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má tètè gbé ìtumọ̀ yìí mì. Ọ̀rọ̀-ìṣe ṣẹ́ tí ó wà nínú ṣẹ́gun a máa gba àbọ̀. Ogun ni a ṣẹ́. Bí a bá mú àbọ̀ kúrò, nǹkan mìíràn ni a sọ: igi ṣẹ́, apá ṣẹ́. Bí a bá fi gírámà lásán wò ó, ‘Àjà ṣẹ́’ yóò túmọ̀ sí pé àwọn Àjà fúnra wọn ni wọ́n kán, èyí tí ó dojú ìtàn náà délẹ̀ pátápátá. Yàtọ̀ sí èyí, Àjàṣẹ́ mìíràn wà, Àjàṣẹ́ Ìpo ní ìpínlẹ̀ Kwara ní Nàìjíríà, ibẹ̀ sì jìnnà sí Allada àti sí Te-Agbanlin. Tèmi ni pé orúkọ náà ti wà nílẹ̀ kí àwọn ọba tó dé, pé nígbà tí wọ́n dé tán ni etí àwọn ènìyàn wá gbọ́ ‘Àjà’ nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe nǹkan àjèjì. Ẹni tí ó bá ní ìtàn lọ́wọ́ kì í pẹ́ rí i nínú orúkọ.

Ilẹ̀ náà kò sì ṣófo. Ní àdúgbò Accron, ìtàn àwọn ọdẹ mẹ́ta kan, ọmọ Yorùbá, ni a ń sọ, àwọn tí wọ́n rí abàmì olórí mẹ́sàn-án tí ó ti inú ògán jáde. Ojúbọ rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní. Abori-mẹ́sàn-án ni Yorùbá ń pè é. Avessan ni orúkọ tí a kọ sínú ìwé jù. Ó jọ mí lójú pé ẹ̀sán tiwa ni ó fara pamọ́ sí ìparí Avessan yẹn, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ Gun jù mí lọ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún mi ni pé ìlú kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ méjì: ìbẹ̀rẹ̀ ọdẹ tí ó wà ní ojúbọ, àti ìbẹ̀rẹ̀ ọba tí ó wà ní ààfin. Èyí tí ó wà ní ààfin ni ó di mùsíọ́mù.

Ó wá kan orúkọ ààfin náà. Nínú èdè Gun àti Fon, hɔn ni ìlẹ̀kùn, mɛ ni inú. Honmè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní ìlànà Faransé, jẹ́ ‘inú ìlẹ̀kùn’. Ẹ fi èyí wé bí Yorùbá ṣe ń ṣe é. A kì í sábà sọ ibi tí ọba wà, ẹni tí ó ni ibẹ̀ ni a ń sọ: oní pẹ̀lú ààfin ló di Aláàfin, oní pẹ̀lú Kétu ló di Alákétu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní mọ bí oní ṣe ń di al- níwájú fáwẹ̀lì a nínú Aláàfin, wọ́n ti kọ́ ọ nínú ẹ̀kọ́ lórí ìpàrójẹ àti àrànmọ́. Ohun tí ìwé gírámà kì í sọ ni pé èdè Gun ya ààlà láàárín ẹni tí ó wà nínú àti ẹni tí ó wà lóde, nígbà tí tiwa so ilé mọ́ olúwa rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn Honmè bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, orúkọ Gun náà ti pàdánù ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀. Tiwa ńkọ́? Ta ni oní- nínú mùsíọ́mù?

Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn yìí kò mọ sí Àjàṣẹ́. Kétou, tí ó wà ní ẹkùn Plateau kan náà pẹ̀lú Pobè àti Sakété, ní ẹnu-bodè rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn, Akaba Idéna. Ẹnu-bodè yẹn wà níbẹ̀, síbẹ̀ Dahomey fọ́ ìlú náà ní 1886. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá 1892, ọmọ ogun Faransé tí Ọ̀gágun Dodds ń darí wọ Abomey, wọ́n sì kó ẹrù ààfin. Nínú ohun 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà fún Benin ní oṣù Kọkànlá 2021, mẹ́rin jẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ọba Glèlè. Ìlẹ̀kùn ni wọ́n kó lọ! Ẹni tí ó mọ ohun tí hɔn túmọ̀ sí yóò mọ̀ pé kì í ṣe pákó lásán ni wọ́n gbé.

Bí a bá wọ inú Honmè, àgbàlá ni a ń ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn: ibi tí àwọn àlejò ń dúró sí, ibi tí àwọn olorì ń gbé, ibi tí a ti ń gbọ́ ẹjọ́. Àwọn afinimọ̀nà a máa dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ ìtàn iyàrá dúdú. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ọba tí ìṣòro bá dé bá ń wọ̀ lọ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí á rántí igbá tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń gbé fún Aláàfin tí ìlú kò fẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ikú ọba. A kì í sọ pé ọba kú. Ọba wàjà ni à ń wí: ó wọ àjà, fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe pa jẹ, ó di wàjà. Ilé ni a fi bo ikú náà mọ́lẹ̀. Ọba kò kúrò nílé, òkè ilé ni ó gbà lọ. Àkànlò yìí kò lè wà láìsí ilé tí ọba ń gbé, tí ọba mìíràn yóò sì wá gbé lẹ́yìn rẹ̀. Ní ilé tí wọ́n ń tì ní ìrọ̀lẹ́ tí afinimọ̀nà sì ń lọ sílé rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wàjà. Àjà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n tún un ṣe dáadáa pàápàá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ní ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ló kan Pobè àti Sakété nínú ọ̀rọ̀ ààfin Àjàṣẹ́. Ó kàn wá gidigidi. Ní 1863, nígbà ayé Ọba Sodji, ni Àjàṣẹ́ kọ́kọ́ gba ààbò Faransé. Èyí kò pẹ́ tí ó fi tú. Toffa ló tún un gbé kalẹ̀ nígbà tirẹ̀, ó sì dúró ti àwọn Faransé nígbà tí wọ́n bá Béhanzin jagun. Láti ibi ààbò yìí ni Faransé ti rí ìdí tí wọ́n fi bá Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Èkó jókòó pín ilẹ̀. Àdéhùn ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889 fa ìlà láti etí omi lọ sí òkè. Ìmẹ̀kọ, Ìlaròó àti Ìpókíá bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kétou, Pobè àti Sakété bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìpín yìí ṣe rí fún àwa Yorùbá ìwọ̀-oòrùn, ìwé A. I. Asiwaju tí ó jáde ní 1976, Western Yorubaland under European Rule, ṣì ni ìwé tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ kà.

Ọ̀rọ̀ tí ìpín yẹn ṣẹ̀dá wà títí di òní. Ní òdì kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀rọ̀ ọba wọ inú èdè tiwọn. Oba ni wọ́n ń kọ nínú ìwé ìjọba. Ní tiwa, roi kò pẹ́ di chef. Nígbà tí Toffa papò dà ní 1908, ẹni tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ọba mọ́ lójú ìjọba, chef supérieur ni wọ́n pè é. Ọ̀pọ̀ ọba ìlú Yorùbá di chef de canton, tí ó ń gba owó orí jọ fún kọmáńdáǹ. Àwọn ará ilé kò yí ọ̀rọ̀ tiwọn padà, ọba ni wọ́n ń wí nìṣó ní Sakété àti ní Pobè, ahọsu ni wọ́n ń wí ní Àjàṣẹ́. Báyìí ni ipò kan náà ṣe wà nínú èdè kan, tí kò sí nínú èdè kejì tí ó ń pàṣẹ. Ní tèmi, ọjọ́ tí roi di chef supérieur ni Honmè ti bẹ̀rẹ̀ sí í di mùsíọ́mù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnìkan ṣì ń sùn níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù nìyí. Ní ẹkùn Pobè ni àwọn Ọ̀họ̀rí wà, àwọn tí ìwé Faransé ń pè ní Holli. Wọn kò bẹ Faransé wá, wọn kò sì gbà fún wọn ní ìrọ̀rùn. Ilẹ̀ wọn jẹ́ ilẹ̀ amọ̀ dúdú tí ń di ẹrọ̀fọ̀ ní àkókò òjò, kò rọrùn fún ọmọ ogun láti là á kọjá. Ní 1914 wọ́n dìde sí ìjọba Faransé, ìjà náà sì wà lára àwọn tí Asiwaju kọ̀wé lé lórí, tí ó fi hàn pé kíkọ̀ tí àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1895, kò sì parí títí òmìnira fi dé. Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Toffa tí ó gba Faransé láyè ní ààfin, ààfin náà ní ògiri, ògiri náà ni a tún ṣe, tí a gbé àwòrán kọ́ sí. Àwọn tí ó kọ̀ fún Faransé kò ní irú ààfin bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ilé tí a lè sọ di mùsíọ́mù fún wọn. Mùsíọ́mù inú ààfin kò purọ́ fún wa. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tí ó ní ilé ńlá nìkan ni ó lè gbà sílé. Tiwọn wà nínú oríkì, nínú orin, nínú bí àwọn àgbà ṣe ń pe orúkọ ibi tí wọ́n ti jà. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í gbẹ́kẹ̀lé òrùlé, ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́kẹ̀lé ẹ̀mí ènìyàn, èyí sì ń kù díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún.

Kí ni Yorùbá ń pe mùsíọ́mù gan-an? Nínú ìwé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni, tàbí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀rọ̀ dídára ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n a gbọ́ ìṣẹ̀ nínú rẹ̀, a gbọ́ ayé: ohun tí ó ti wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Ó bá eégún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mu, ó bá ìkòkò àti òòlù mu. Kò bá Honmè mu. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Honmè kì í ṣe ti ìṣẹ̀dálẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn ni, ọ̀rọ̀ owó orí, ọ̀rọ̀ ọba tí ó wọ aṣọ oyè òyìnbó kí wọ́n tó ya fọ́tò rẹ̀. Bí a bá pe èyí ní ìṣẹ̀ǹbáyé, a ti sọ ìṣèlú di àṣà. Ọmọ tí ó bá wò ó yóò rò pé bí àwọn baba wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ bí ogójì ọdún ni. Ilé ìtàn ni èmi máa ń lò fún Honmè nínú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ pé ó dún bí ibi tí wọ́n ti ń pa àlọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń lò ó.

Ìṣòro mìíràn wà tí ó kan àwa onímọ̀ èdè ní Benin ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí a bá ní kí a kọ ìtàn ààfin sára pátákó ní Yorùbá, àkọtọ́ wo ni a ó fi kọ ọ́? Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975, tí wọ́n sì tún ṣe lẹ́yìn náà, ń lo ɛ àti ɔ, ó ń kọ sh níbi tí Nàìjíríà ti ń kọ ṣ, ó ń kọ kp níbi tí wọ́n ti ń kọ p. ‘Ọba ṣe ìpàdé’ yóò di ‘Ɔba she ìkpàdé’. Ènìyàn kan láti Ìmẹ̀kọ àti ènìyàn kan láti Pobè lè jókòó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìsí ògbufọ̀, ṣùgbọ́n níwájú pátákó kan náà ọ̀kan nínú wọn yóò máa dá ọ̀rọ̀ kà bí ọmọ jẹ́léósinmi. Ọ̀rọ̀ kan tí kò yí padà rárá nínú àkọtọ́ méjèèjì ni ààfin. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Orúkọ ìlú wa gan-an ni ó burú jù. Mo ń kọ Sakété àti Pobè bí ìjọba ṣe ń kọ wọ́n. Àwọn àgbà ṣì ń sọ Itakete. Faransé fi àmì sórí é láti sọ irú fáwẹ̀lì tí ó jẹ́: é wọn ni e wa, è wọn ni ẹ wa. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá rí i, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni yóò kà. Àmì kan náà, iṣẹ́ méjì tí kò jọra. Títí di òní, mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti òdì kejì pàdé tí wọ́n ń pe Pobè pẹ̀lú e ní ìparí, tí wọ́n sì fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i, nítorí pé bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n ṣe kà á.

Kí ẹ má rò pé gbogbo ààfin ní ń gba ọ̀nà kan náà lọ. Ní Lomé, ilé tí àwọn Jámánì kọ́ fún gómìnà wọn, tí ó parí ní 1905, di ti Faransé, ó di ti ìjọba Togo, ó wá di ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ṣí i ní 2019 gẹ́gẹ́ bí ibi iṣẹ́ ọnà àti àṣà. Palais de Lomé ni wọ́n ṣì ń pè é. Agbára kúrò, orúkọ dúró. Ní Cotonou ni a ti rí èyí tí ó yà mí lẹ́nu. Nígbà tí àwọn ohun 26 yẹn dé láti Faransé, Palais de la Marina, ilé tí ààrẹ orílẹ̀-èdè ti ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n ti pàtẹ wọn ní oṣù Kejì 2022. Ènìyàn ń tò láti wọlé. Fún oṣù díẹ̀, ilé ìjọba di mùsíọ́mù láìjẹ́ pé ìjọba kúrò níbẹ̀, ìtẹ́ Ghézo àti ti Glèlè sì wà lábẹ́ òrùlé kan pẹ̀lú àga ààrẹ. N kò mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ó lè sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ tán. Kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kì í ṣe ilé ìtàn. Bóyá ààfin gan-an ni, ní ìtumọ̀ àtijọ́: ibi tí a ti ń wo àwọn tó ti lọ àti ẹni tó wà lórí oyè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ku ilé gómìnà ní Àjàṣẹ́, èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ní kí Francis Kéré ya àwòrán ilé tuntun fún àwọn aṣòfin, ó sì mú un láti ara igi tí àwọn àgbà ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ jíròrò. Bí àwọn aṣòfin bá kó kúrò nínú ilé gómìnà, ẹnìkan yóò dá a lábàá pé kí wọ́n sọ ọ́ di mùsíọ́mù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àbá tèmi ti wà nílẹ̀: kí wọ́n fi iyàrá kan nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún ohùn àwọn Ọ̀họ̀rí, ohùn nìkan, láìsí àwòrán, ní ẹ̀ka-èdè tiwọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní abúlé wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà béèrè lọ́wọ́ wọn pé ibo ni wọ́n fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ òun lọ. Wọ́n ní Àjàṣẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e padà wá fún òun gbọ́.